Má Jẹ́ Kí Sànúsí Dá Nìkan Dúró Níwájú Adájọ́

Ilé wa, Ìkàrẹ́.

Àlímọ̀tù Àníkẹ́, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ, mo sì kí gbogbo ará ilé ọkọ rẹ ní Ọ̀kà. Àwa náà wà, ara wa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé láti ìgbà tí òun ti gbọ́, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Mo ní kí ó jẹun, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kì í lè gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn.

Ráfátù tí ń ta obì jíṣẹ́ rẹ fún wa bí o ṣe rán an. Ó ní wọ́n ti mú Sànúsí ọkọ rẹ, wọ́n ní òun ló mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun abà aládùúgbò oko rẹ̀ nítorí ìjà ààlà. Ó ní ẹjọ́ náà ti kúrò ní kóòtù ìbílẹ̀, ó ti di ti adájọ́ òyìnbó tí yóò wá jókòó ní Ọ̀wọ̀. Ó tún ní bàbá ọkọ rẹ àti àwọn àgbà ilé ti fẹnu kò pé kí Sànúsí gbà pé òun jẹ̀bi, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí òyìnbó lè ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní ohun àwọn ará Èkó ni lọ́yà, pé kì í ṣe ohun tiwa. O wá ní kí n sọ ohun tí ìwọ yóò ṣe.

Wá lọ́yà fún ọkọ rẹ. Ìdáhùn mi nìyẹn, Àníkẹ́. Bí ọmọ kò bá jẹ́ kí o ka ìyókù lẹ́tà yìí lónìí, mú ìyẹn lọ ná. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn, jókòó, kí o kà á dé òpin, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kò tíì bá ọ sọ rí wà nínú rẹ̀.

O mọ̀ pé mo ṣẹ̀wọ̀n. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí ó bá ọ jà lójú odò, o sì gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ. Ìwọ ṣì wà lẹ́nu ọmú nígbà tí wọ́n mú mi lọ. Jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe rí.

Iṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n kó wa lọ ṣe. Ìjọba ń la ọ̀nà gba àárín àwọn òkè Ọ̀kà, wọ́n sì ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi àwọn géńdé ránṣẹ́. Èmi lọ láti Ìkàrẹ́, Jímọ̀ wá láti Àrígìdì. Ọkùnrin gíga ni Jímọ̀, ó lágbára, ó sì máa ń pani lẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé àwọn ará Àrígìdì ní èdè tiwọn nínú ilé, tí àwa kò gbọ́. Yorùbá Jímọ̀ a máa wọ́ tuurutu, èyí ni mo sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà kì í gbà fún mi. Lọ́jọ́ kan, lójú àwọn obìnrin tí ń pọnmi wá fún wa, ó ní bí ọwọ́ mi bá yá tó ẹnu mi ni, ọ̀nà náà ì bá ti dé Ọ̀wọ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo nawọ́ sí i, mo ní:

“Jímọ̀, ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ kò tán. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rí i!”

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ìgbéraga ọ̀dọ́ ni. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, a ti jọ jẹ iṣu sísun nínú àwo kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbọ́ ìhàlẹ̀ mi pọ̀, àwọn tí wọ́n rí wa nídìí iṣu kò tó nǹkan.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí èmi àti Jímọ̀ lọ fi ọ̀pá irin yẹ òkúta ńlá kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Òkúta náà yẹ̀ kí a tó retí rẹ̀. Mo fò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Jímọ̀ kò rí ibi tí yóò fò sí. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, mo sáré lọ bá a, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wẹ̀ mí láti àyà dé orúnkún. Ó ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan náà ló ń tún sọ, ṣùgbọ́n èdè ilé wọn ló fi ń sọ ọ́. Mo ní, “Jímọ̀, sọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò gbọ́.” Kò sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó di aṣọ mi mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi tú.

Ọlọ́pàá tí ó wà lọ́dọ̀ òyìnbó tí ń darí iṣẹ́ ọ̀nà náà sáré dé. Ó wo Jímọ̀, ó wo aṣọ mi, ó ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?”

Mo ń sunkún, mo ní, “Ó kú sí mi lọ́wọ́! Jímọ̀ kú sí mi lọ́wọ́!”

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Yorùbá, o mọ ohun tí mo wí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó gbé ọmọ aláìsàn sẹ́sẹ̀ máa ń wí. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá náà kì í ṣe ẹ̀yà wa, ìlú tó jìn ló ti wá, díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ Yorùbá. Bí ó ṣe ń wò mí ni ẹnìkan láàárín èrò ní, “Àwọn méjèèjì yìí kọ́ ni wọ́n jà lánàá?” Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dì mí lọ́wọ́.

Kí n tó máa bá a lọ, jẹ́ kí n mú ìmọ̀ràn kan kúrò níbẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Sọ fún Sànúsí pé láti ìsinsìnyí lọ, kí ó má ṣe bá ọlọ́pàá tàbí ẹni tí wọ́n jọ wà látìmọ́lé rojọ́ abà tó jó. Bí wọ́n bá béèrè, kí ó fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí lọ́yà mi dé ná.” Dídákẹ́ báyìí kì í ṣe àfojúdi. Ìwọ náà, bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́jà pé ta ló dáná, ta ọjà rẹ, kí o máa lọ sílé. Ìwọ kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà lójú ọjà.

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé iwájú òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí ń dá ẹjọ́, kò sí lọ́yà. Kì í ṣe pé a kò wá a. Òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí lọ́yà wọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ nìkan ni yóò dúró, ìwọ, ọlọ́pàá, òyìnbó, àti ògbufọ̀. Ògbufọ̀ ń kánjú. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tí ó gùn bí okùn, bí ìrù ehoro ló ń kúrú lẹ́nu tirẹ̀. Mo rí i pé kò bá ara wọn mu, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i, nígbà tí ó jẹ́ pé òun náà ni yóò túmọ̀ ẹ̀sùn tí mo bá fi kàn án?

Ó ní, “Ajẹ́lẹ̀ ń béèrè, ṣé o bá olóògbé náà jà?”

Mo ní, “A ṣe gbólóhùn asọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an la—”

“Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọlọ́pàá náà dìde, ó fi èdè òyìnbó sọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Wọ́n ní èmi kò mọ̀ọ́mọ̀ pète ikú rẹ̀, pé ìbínú ló mú mi tì í sábẹ́ òkúta, nítorí náà wọn kò ní so mí kọ́. Wọ́n fi mí sẹ́wọ̀n. Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pọ̀n ọ́, mo sì kọjá níwájú yín láìlè nawọ́ kàn yín.

Mo ti pẹ́ nínú túbú kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́dà kan wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì, tó gbọ́ èdè òyìnbó, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan tí a lọ ṣẹ́gi, ó bi mí pé, “Kí ló dé tí o fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ pé o pa á?”

Mo ní, “Ta ló jẹ́wọ́?”

“Ìwọ ni. Èmi ni mo mú ọ wọ kóòtù lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá wí. Ó ní o sọ fún òun pé ọwọ́ rẹ ló pa á.”

“Ọ̀gá, mo ní ó kú sí mi lọ́wọ́.”

Ó gbé igi tó dì mọ́ra sílẹ̀. Ó ní, “Háà. Bí ìyá mi ṣe ń sọ nípa àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn.” Kò sí ohun tí ó lè ṣe, kò sì sí ohun tí èmi lè ṣe. Mo ṣe ẹ̀wọ̀n mi parí.

Nígbà tí mo jáde, Àrígìdì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbà. Mo wálé ná. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lọ bá ìyá Jímọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó mọ̀ mí. Ó ní, “Ṣé o wá wo ohun tó kù ni?”

Mo kúnlẹ̀, ọkùnrin tí mo jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo wá sọ pé Jímọ̀ ń sọ gbólóhùn kan nígbà tí ó ń kú lọ, pé n kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n pé mo ti ń sọ ọ́ sábẹ́ ahọ́n nínú túbú kí ó má bàa bọ́ lọ́kàn mi. Mo sọ ohùn náà fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò yé e. Mo tún un sọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ó ní, “Ó ń wí pé kí o má lọ. Kí o má fi òun sílẹ̀.”

Mo ní, “Mi ò lọ, Ìyá. Mi ò lọ.”

Ó ní, “A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó pa wá.” Ó wọlé, ó bu omi fún mi mu.

Àníkẹ́, ohun tí lọ́yà wà fún nìyẹn. Gbogbo ohun tí ì bá gbà mí ló wà lójú ayé lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ mi. Ìyá yẹn wà ní Àrígìdì. Àwọn tó rí wa nídìí iṣu wà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọlọ́pàá, Yorùbá tó mọ́ gaara ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ wá wọn, kí ó kó wọn wá, kí ó sì dìde pé, “Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ èyí náà.” Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n báwo ni adájọ́ yóò ṣe gbọ́ ti ẹnì kejì, bí ẹnì kejì kò bá ní ẹnu tí adájọ́ gbọ́? Nísinsìnyí òfin ti yí padà. Lọ́yà ti lè wọ kóòtù adájọ́ tí Sànúsí ń lọ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ èmi ti ṣí fún ọkọ rẹ, àwọn àgbà wá ní kí ó má gba ibẹ̀ wọlé!

N kò jókòó lásán láti ìgbà tí Ráfátù ti jíṣẹ́. Mo kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin kan nílùú wa níbí tí ń bá èèyàn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí ó máa ń wọ ẹ̀wù dúdú bíi ti lọ́yà nínú oòrùn, tí ó ní lọ́yà ni òun. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun àti adájọ́ jọ ń mu tíì, pé Sànúsí ti délé tán. Mo ní kí n bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, “Bí mo bá ní ẹnìkan kú sí mi lọ́wọ́, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún òyìnbó?” Kò ronú rárá. Ó ní, “Màá ní o pa á, ṣùgbọ́n o ń tọrọ àforíjì.” Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù lọ sí Ọ̀wọ̀. Lọ́yà kan wà níbẹ̀ tó wá láti Ìbàdàn, tó máa ń dé síbẹ̀ bí adájọ́ bá fẹ́ jókòó. Kúkúrú ni, ó ń wúkọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo bi òun náà ní ìbéèrè kan náà. Ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ta ló kú, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ ni?”

Omijé kún ojú mi. Mo mọ̀ pé mo ti rí èèyàn.

Mo bi í bóyá yóò gbà wá. Ó ní, “Ẹni tó bá ṣèlérí ìdájọ́ fún yín, irọ́ ló ń pa. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá dìde sọ̀rọ̀ nípa ọkọ ọmọ yín, mo máa bi í léèrè ohun tó fi mọ̀.” Nípa owó iṣẹ́ rẹ̀, a ti sọ ọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti yẹ kí a máa ṣe, ó sì ti yé èmi àti ìyá rẹ. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú.

Èyí ni ohun tí ó ní kí o ṣe, mo sì fi tèmi kún un.

Kí Sànúsí sọ òtítọ́ fún òun, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ń tì í lójú. Ṣé ó bínú? Ṣé ó halẹ̀ mọ́ aládùúgbò náà bí mo ṣe halẹ̀ mọ́ Jímọ̀? Ṣé ó jó igbó tirẹ̀ lọ́sẹ̀ náà? Aláìsàn tó ń purọ́ fún oníṣègùn, ara rẹ̀ ló ń pa á fún. Àníkẹ́, èmi kò sí lóko lọ́jọ́ náà. N kò lè búra pé ọkọ rẹ kò dáná sí abà yẹn. Bí ó bá ṣe é, lọ́yà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, lọ́yà náà ni yóò sì sọ ohun tó kù láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe é, kí ó má gbà á nítorí àánú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi, kò sí ẹni tí yóò tún wá ẹlẹ́rìí fún un mọ́.

Lọ bá àwọn tí wọ́n wà lóko lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ibo ni ọyẹ́ ti ń fẹ́? Ta ló kọ́kọ́ rí èéfín, ibo ló sì dúró sí? Àwọn ará Ìfira wà tí wọ́n ń ṣe àgbàro lẹ́bàá ibẹ̀, Ráfátù ló sọ fún mi. Béèrè orúkọ wọn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n má kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò sọ. Má fún un ní nǹkan, bó ṣe obì lásán. Ẹlẹ́rìí tí a kọ́ lọ́rọ̀, bí lọ́yà apá kejì bá fi ìbéèrè kan ṣoṣo tì í, yóò ṣubú lu ọkọ rẹ mọ́lẹ̀.

Má sì lọ fún akọ̀wé kóòtù ní adìẹ. Mo mọ̀ pé wọn yóò gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ògbufọ̀: mo ti bẹ lọ́yà, ó sì ti gbà, pé bí wọ́n bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Sànúsí lódìlódì, òun yóò dá wọn dúró. Kí Sànúsí náà sọ̀rọ̀ ní ṣókí, kí ó fi Yorùbá tó mọ́ sọ ọ́, kì í ṣe ohùn Ọ̀kà tí àlejò kò gbọ́, kí ó sì dúró kí ògbufọ̀ parí kí ó tó sọ òmíràn.

Èyí tó ṣòro jù ni ti bàbá ọkọ rẹ. Má bá wọn jiyàn. Kúnlẹ̀ kí wọn, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún àníyàn wọn, kí o ní bàbá mi ń bọ̀ wá kí yín. Ìfẹ́ ọmọ wọn ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù òyìnbó tí a jọ dàgbà sínú rẹ̀ ni. Bí a bá kírun ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ tán, màá gbéra. Èmi ni màá bá wọn sọ ọ́, àgbà sí àgbà, mo sì máa sọ fún wọn ohun tí mo sọ fún ọ nínú lẹ́tà yìí. Ojú kò ní tì mí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lọ́jọ́ tí mo ti túbú dé, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ò ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, o ti ga, o fi aṣọ pọn igi ṣe ọmọ. Mo pè ọ́, mo ní, “Àníkẹ́.” O wò mí, o gbé igi rẹ, o sáré wọlé, mo sì gbọ́ ọ tí o ń wí pé, “Ìyá mi, àlejò kan wà níta.”

Gbé ọmọ rẹ dání lọ sí àtìmọ́lé lónìí. Jẹ́ kí Sànúsí gbé e, kí ọmọ náà wò ó lójú dáadáa. Lẹ́yìn náà kí o sọ fún un pé kí ó má jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, nítorí pé lọ́yà rẹ̀ ń bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ́mọ̀dù.